Ibi tí Mo Ti Gé Ohùn Simeon

Ẹ̀yin ará mi ní èbúté Abigi, ẹ̀yin tí ẹ lé Simeon Abímbọ́lá kúrò láàrin yín nítorí pé ẹ gbà pé ìwọ̀n rẹ̀ ló pa ọmọ ọlọ́mọ, èmi Zipporah ni mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ, mi ò sì lè gbé e mì mọ́. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja. Simeon kò parọ́ fún yín. Èmi ni mo parọ́. Ohùn tí mo gbé sí yín létí lọ́jọ́ náà, ohùn rẹ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Èmi ni mo gé e. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ẹni tó mọ̀wé lè kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ẹnikẹ́ni má sì lè sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun kò gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀, nítorí bí mo bá sọ ti ọjọ́ yẹn nìkan, ẹ ó rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ṣẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára kí ó tó di ọjọ́ yẹn.

Ọmọ Òkè-Àgbò ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí. Kátíkíìsì ni bàbá mi nínú ìjọ Áńgílíkà, orin ni wọ́n sì fi ń jí wa ní òwúrọ̀. Nílé wa, a kì í rojọ́ láì tíì dúpẹ́. Bí ebi bá ń pa ọ́, wàá kọ́kọ́ dúpẹ́ oúnjẹ àná kí o tó béèrè ti òní. Mo sì rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ṣe ń sọ̀rọ̀ ní agbègbè yìí, Kristẹni àti Mùsùlùmí. Bí òrùlé ẹnì kan bá ń jò, tí o bá béèrè pé ilé ńkọ́, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run" ni yóò kọ́kọ́ wí. O ní láti dúró díẹ̀ kí òjò náà tó dé inú ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀rí inú ìjọ yàtọ̀. Bàbá mi a máa sọ fún wa pé, "Ẹ̀rí kì í ní ṣùgbọ́n. Bí o bá dìde láti jẹ́rìí, dúpẹ́, kí o jókòó." Ẹ̀kọ́ rere ni fún inú ìjọ. Èmi ni mo gbé e lọ síbi tí kò yẹ.

Lẹ́yìn tí mo jáde ní yunifásítì, mo rí iṣẹ́ ní Àgọ́-Ìwòyè lọ́dọ̀ Gbénró, ẹni tó gba yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní ọ̀nà ọgbà ilé-ìwé. Òun àti Japheth, ẹni tí orí rẹ̀ pé nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ṣe ètò ìyàwòrán tí wọ́n ń pè ní Falà. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, Falà kò dà bí fọ́tò tí ojú rẹ̀ ń ṣú bí o bá fẹ̀ ẹ́. Ìlà ni ó ń fà láti ibì kan dé ibòmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwòrán kan náà fi lè kéré bí sítáǹbù tàbí kí ó tóbi bí ògiri ìjọ, ojú rẹ̀ yóò sì mọ́ kedere. Àwọn tó ń tẹ kàlẹ́ńdà, tí wọ́n ń ṣe bánà ìkórè àti pátákó ìtajà, ni wọ́n ń lò ó, nítorí pé kọ̀ǹpútà ọ̀lẹ pàápàá lè gbé e. Iṣẹ́ tèmi ni láti gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá ní í sọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í kọ̀wé. Ohùn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Màá gbọ́ ọ, màá sọ fún Japheth ohun tó dùn mọ́ wọn àti ohun tó dùn wọ́n, Japheth yóò sì tún Falà ṣe.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ náà dùn ún ṣe. Àwọn tó ń ya òdòdó sára bánà ìjọ ní ó ń sú àwọn láti máa ya apá ọ̀tún àti apá òsì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Japheth sì ṣe é tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ti ya ìdajì, ìdajì kejì yóò ya ara rẹ̀. Mùbàṣírù, atẹ̀wé kan ní Òkè-Àgbò, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àlùhámdùlílà, Àǹtí, Falà yín dára o. Ìyàwó mi gan-an kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń pààrọ̀ àwọ̀ léraléra, ńṣe ló máa kàn pajú dé bí àgbà tó sùn lọ nínú ìwàásù." A rẹ́rìn-ín títí. Japheth lu tábìlì, ó ní, "Màá jí àgbà náà," ó sì jí i. Ṣé ẹ rí i? Ẹ̀yìn "ṣùgbọ́n" yẹn ni gbogbo àǹfààní Falà ti wá.

Nígbà tó yá, àwọn kan ní Èkó fẹ́ fi owó ràn wá lọ́wọ́ kí iṣẹ́ náà lè gbòòrò. Gbénró pè mí. Ó ní, "Zipporah, wọ́n fẹ́ gbọ́ ẹnu àwọn tó ń lo Falà. Ẹ̀rí ni kí o kó wá fún mi o. Mi ò fẹ́ àròyé." Mo ní, "Ọ̀gá, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí àròyé kò sí ní ìdí ọpẹ́ rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ọmọ kátíkíìsì! Ṣé bí wọ́n bá ń jẹ́rìí níjọ yín, wọ́n á tún máa sọ pé orúnkún ṣì ń dun àwọn?" Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Mo sì jókòó, mo gbé ohùn Mùbàṣírù, mo gé e níbi tó kù díẹ̀ kí ó sọ pé "ṣùgbọ́n". Ohun tó ṣẹ́ kù dùn bí oyin. Mo sọ fún ara mi pé mi ò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i lẹ́nu, ohun tó sọ ni mo fi sílẹ̀. Ẹ wo irú ìṣirò tí Sàtánì ń kọ́ ènìyàn! Ẹni tó bá gé ìrù ẹṣin tí ó sì ní òun kò fi nǹkan kan kún un, ṣé ó ti sọ òtítọ́ fún ẹlẹ́ṣin?

Inú àwọn ará Èkó dùn. Wọ́n ní kí a máa fi irú rẹ̀ ránṣẹ́. Èmi náà sì wá dé ibi tí mo ń gé ohùn bí ẹni ń gé etí aṣọ, tí mo ń kó ọpẹ́ jọ, tí mo ń gbàgbé ìyókù. Bí ẹnì kan bá rojọ́ tán, màá fún un ní èsì kan náà tí mo ń fún gbogbo wọn: "A dúpẹ́ o. Ọlọ́run yóò bùkún iṣẹ́ ọwọ́ yín." Ó dà bí àdúrà. Kì í ṣe àdúrà, ilẹ̀kùn ni mo fi ń tì. Japheth ló kọ́kọ́ fura. Ó bi mí pé, "Sísí Zippo, àròyé dà? Àbí gbogbo ayé ti di mímọ́ ni?" Mo ní, "Wọ́n ní ó dára." Ó mi orí, ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí o. Ilé tí ọmọdé wà, tí ẹ ò gbọ́ ariwo rẹ̀, ẹ yáa dìde kí ẹ lọ wò ó. Ó ń ba nǹkan jẹ́." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Láàrin ìgbà náà ni Japheth gbé Falà tuntun jáde. Nínú rẹ̀, ó yí ohun kan padà nínú bí Falà ṣe ń wọn nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n fi gàárì ṣàlàyé rẹ̀. Bí o bá ka kóńgò mẹ́wàá ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí o wá dé ọjà mìíràn tí kóńgò tibẹ̀ tóbi díẹ̀ ju ti ilé lọ, mẹ́wàá kan náà ni wàá kà, ṣùgbọ́n gàárì náà yóò pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ẹni tó bá ya àwòrán nínú Falà àtijọ́, bí ẹlòmíràn bá ṣí i nínú Falà tuntun, àwòrán náà yóò gùn sí i díẹ̀. Lára kàlẹ́ńdà, ta ni yóò mọ̀? Japheth kò mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń lò ó ló yẹ kí wọ́n sọ fún un, èmi sì ni ẹnu tí wọ́n ní.

Simeon ní ṣọ́ọ̀bù sí Abigi, níbi tó ti ń ya pátákó àti bánà. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, sùtánà rẹ̀ a máa wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mi ò tíì rí ojú rẹ̀ nígbà náà, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ohùn náà nípọn, "Hallelúyà!" ni ó sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín mọ iṣẹ́ tí Bàbá Rùfáì, olórí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi yín, gbé fún un. Wọ́n ti rí i pé àwọn awakọ̀ ń kó ẹrù àti èrò ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì ní kí Simeon ṣe sítíkà gígùn kan tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ dé òkè, pẹ̀lú ìlà pupa lára rẹ̀. Bí omi bá ti kan pupa, kò sí ẹni tí yóò tún wọlé. Òun àti Bàbá Rùfáì jọ di yanrìn sínú àpò, wọ́n jọ kó o sínú ọkọ̀, wọ́n jọ fi ọ̀pá wọn ibi tí pupa yóò wà. Ìwọ̀n wọn péye. Simeon yà á nínú Falà àtijọ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́ sí Mùbàṣírù ní Òkè-Àgbò láti tẹ̀ ẹ́. Falà tuntun ni Mùbàṣírù ń lò.

Kí wọ́n tó tẹ sítíkà náà, Simeon ti ṣàkíyèsí ohun kan lára bánà ìjọ tí ó kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Mùbàṣírù. Bánà náà gùn ju ibi tí wọ́n fẹ́ fi í kọ́ sí lọ. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Ó dúpẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, lẹ́yìn náà ó sọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà fún mi yékéyéké. Mo ń jẹ ẹ̀pà nígbà tí mo ń gbọ́ ọ. Mo gé ọpẹ́ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ará Èkó, nítorí pé ohùn rẹ̀ dùn. Mo fi àdúrà tí mo ń gbà fún gbogbo ènìyàn dá a lóhùn. Mo sì ń jẹ ẹ̀pà mi lọ.

Ẹ mọ ìyókù jù mí lọ. Wọ́n tẹ sítíkà náà, Mùbàṣírù sì fi í sínú mọ́tò ránṣẹ́ tààrà sí èbúté, àwọn awakọ̀ sì lẹ̀ ẹ́ kí Simeon tó dé. Ìlà pupa fi ìka mẹ́ta ga ju ibi tó yẹ kí ó wà. Ní ọjọ́ ọjà, ọkọ̀ kan kún, omi kò tíì kan pupa, awakọ̀ sì rò pé àyè ṣì wà. Ó tún gba èrò sí i. Nígbà tí ìgbì ọkọ̀ mìíràn bì lù wọ́n lójú omi, omi wọlé. Simeon wà létí omi, ó bẹ́ sínú odò bó ṣe wọṣọ, ó fa ènìyàn mẹ́rin jáde. Kò rí Asimawu fà. Asimawu, ọmọ Bàbá Rùfáì, tó di ẹní rẹ̀ pọ̀ tó ń lọ tà. Wọ́n ní ẹní náà léfòó, wọ́n sì ń wò ó tí ó ń lọ, òun kò sì jáde. Fóònù Simeon wà lápò ṣòkòtò rẹ̀ nígbà tó bẹ́. Inú omi ni ohùn tó fi ránṣẹ́ sí mi kú sí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ibòmíràn láyé tí odindi ohùn náà wà àfi lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí ìròyìn dé Àgọ́-Ìwòyè pé Simeon ní Falà ló yí ìwọ̀n òun padà, ojú Gbénró ṣú. Ó bi mí níwájú Japheth pé, "Zipporah, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni rojọ́ ìwọ̀n fún ọ?" Ẹ̀yin ará, ilẹ̀kùn ńlá ni Ọlọ́run ṣí fún mi yẹn. Gbénró kò mọ nǹkan kan. Mi ò ní í parọ́ mọ́ ọn nísinsìnyí. Ọpẹ́ ló ní kí n kó wá, kò ní kí n pa ọ̀rọ̀ mọ́ nígbà tí ènìyàn ti kú. Mo ní, "Rárá, sà. Kò sẹ́ni tó rojọ́." Japheth wò mí. Ó ní, "Èmi ni mo yí ìwọ̀n yẹn padà. Bí ẹnì kan bá ti sọ fún mi, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ǹ bá kàn ṣe é kí ó máa béèrè kó tó ṣí iṣẹ́ àtijọ́. Ṣé lóòótọ́ ni kò sí?" Mo ní, "Ṣé mo máa ń parọ́ fún yín ni?" Wọ́n ní kí n lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé mi lọ sí Abigi, awakọ̀ ń súfèé orin ìsìn kan tí bàbá mi fẹ́ràn. Orin náà ló ń lọ nígbà tí mo yọ fóònù, tí mo wá odindi ohùn Simeon, tí mo sì pa á rẹ́. Èyí tí mo gé ni mo fi sílẹ̀. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò kí n rí i dájú pé ó ti lọ. Àdúrà wá sí mi lẹ́nu bí ìṣe mi, mo sì ju fóònù sínú báàgì.

Ẹ rántí òwúrọ̀ náà lábẹ́ àtíbàbà èbúté. Bàbá Rùfáì jókòó láàrin, ojú wọn pọ́n. Simeon wà lórí àpótí, Sarah ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀ tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Bàbá Rùfáì ní, "Simeon, ọ̀pá kan náà ni a jọ fi wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ mi ni mo fi sàmì síbẹ̀. Báwo ni àmì mi ṣe gòkè?" Simeon ní, "Bàbá, mo sọ fún wọn. Mo fi ohùn ránṣẹ́, mo ṣàlàyé rẹ̀. Àǹtí yìí náà ló gbọ́ ọ. Àǹtí Zipporah, ẹ dákun, ẹ sọ fún wọn." Ó wò mí bí ẹni tí àbúrò rẹ̀ dé láti ọ̀nà jíjìn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ojú rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Rùfáì ní, "Ìwọ ọmọbìnrin, Kristẹni ni ọ́. Fi ọwọ́ lé Ìwé rẹ." Mo yọ Bíbélì inú báàgì mi, mo fi ọwọ́ lé e. Mo ní kò sọ̀rọ̀ ìwọ̀n kankan fún mi rí, ọpẹ́ nìkan ló ṣe. Mo sì gbé fóònù sókè, mo tẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ̀ jáde láàrin gbogbo wa: "Hallelúyà! Àǹtí Zipporah, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Falà yìí dára púpọ̀, ó sọ iṣẹ́ di ìrọ̀rùn fún wa. Mi ò rí irú rẹ̀ rí." Ó parí síbẹ̀.

Obìnrin kan pòṣé. Simeon dìde, ó ní, "Ohùn mi ni. Ohùn mi ni, ṣùgbọ́n..." Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ já a gbà lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Ṣùgbọ́n kí ni? Ẹlòmíì ló ń gbé inú ọ̀fun rẹ ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kíkorò. Simeon yíjú sí mi, ó ní, "Àǹtí, ó kù. Ó ṣẹ́ kù. Ẹ̀yin náà dá mi lóhùn." Mo ní, "Mo gbàdúrà fún yín ni, Bọ̀dá." Sarah pariwo pé, "Ó sọ ọ́! Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́!" Ẹnì kan sì dá a lóhùn pé, "Jókòó, ìwọ. Ta ni ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ́rìí fún?" Mo rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yóò parí sí. Ohun tó tẹ̀ lé e ni kò jẹ́ kí n sùn láti ìgbà náà. Simeon jókòó padà, ó di orí mú, ó wá ń sọ fún ara rẹ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Àbí mi ò sọ ọ́? Àbí inú ọkàn mi ni mo ti sọ ọ́?" Mo gbọ́ ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Mo lè la ẹnu mi nígbà náà, mi ò là á. Ọkùnrin kan ń ṣiyèméjì ẹnu ara rẹ̀ níwájú mi, mo sì di báàgì mi mú. Bàbá Rùfáì dìde. Wọ́n yí ẹ̀yìn sí i, gbogbo yín sì yí ẹ̀yìn sí i. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti já pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀.

Àwọn ará Èkó ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n gbé mi ga. Japheth fi ìbéèrè tó ń ṣọ́ iṣẹ́ àtijọ́ náà sínú Falà fúnra rẹ̀ láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ènìyàn wá ń kí mi kú iṣẹ́. Ní ìkórè tó kọjá ní ìjọ wa, wọ́n pè mí láti jẹ́rìí ohun tí Olúwa ṣe fún mi. Mo dúró, mo gbá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú, mo ní, "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Mo fẹ́ máa bá a lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì jáde lẹ́nu mi: "Ṣùgbọ́n." Mo tún bẹ̀rẹ̀. "Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n." Mo wólẹ̀ síbẹ̀, mo ń ké. Wọ́n rò pé ẹ̀mí ló bà lé mi, wọ́n gbé orin sókè. Nígbà tí wọ́n ń kọrin, mo mọ̀ pé bí mi ò bá wá Simeon lọ, mi ò ní lè dúpẹ́ mọ́ láyé mi.

Jàpárà, níbi tó kó lọ lẹ́yìn tí ẹ lé e, ni mo ti rí i, létí títì, ó ń lẹ táyà. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún ọ́ìlì. Mo kúnlẹ̀ lórí yanrìn, mo sọ gbogbo rẹ̀. Sarah jáde láti inú ilé, ó gbọ́ díẹ̀, ó sì padà wọlé. Mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti inú. Simeon nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́. Ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹ wá." Mo dúró dè é. Mi ò dìde. Mo ti kọ́ pé ó kù. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n, Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé mi ò gba ara mi gbọ́ mọ́? Bí mo bá sọ fún Sarah pé mo ti ti ilẹ̀kùn, mo máa ń dìde padà lọ wò ó. Bí mo bá ní mo ti gbàdúrà, mo máa ń tún un gbà, bóyá mi ò tíì gbà á. Wọ́n ní kí n máa ya àwòrán fún ìjọ ní ìhín, mo sá. Ẹ̀rù ọ̀pá ìwọ̀n ń bà mí." Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Mi ò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dárí jì mí, ó ní, "Àǹtí, kì í ṣe ìhín lẹ ti gé e. Ẹ lọ so ó pọ̀ níbi tí ẹ ti gé e. Lẹ́yìn náà, ẹ padà wá, ká wò ó."

Ìdí tí mo fi kọ̀wé yìí nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí èmi fúnra mi yóò fi dúró lábẹ́ àtíbàbà yín lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí ẹ fi ojú yín rí mi. Mo ti sọ fún Gbénró, ó bú mi, ó tọ́ sí mi, ó sì ti kọ òtítọ́ náà sí àwọn ará Èkó. Japheth kò bú mi. Ó kàn ní, "Mo mọ̀ pé ilé yẹn dákẹ́ jù." Bàbá Rùfáì, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀ jù. Kì í ṣe ọwọ́ Simeon ló gbé àmì yín gòkè. Mi ò lè dá Asimawu padà fún yín. Bí ẹ bá ní kí n má dé iwájú yín, n ó dúró lóòrùn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ tí mo ṣe, tí wọ́n fi yín ṣe etí fún àwọn ènìyàn, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Bí ẹnì kan bá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ má tíì dìde. Àwọn ènìyàn wa kì í fi ìrora ṣáájú ọ̀rọ̀. Ẹ jókòó, ẹ dúró dè é.

Odindi ohùn náà ti lọ, èmi ni mo pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ, Ọlọ́run kò sì jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Ohun tí Simeon Abímbọ́lá sọ nìyí, láti ibi tí mo ti gé e: "Ṣùgbọ́n, Àǹtí, ohun kan ń dà mí láàmú. Iṣẹ́ tí mo bá yà níbí, bó bá dé ọ̀dọ̀ Mùbàṣírù, ó ń gùn sí i. Ti bánà kì í ṣe nǹkan, a lè ká a. Àmọ́ mo ní iṣẹ́ kan lọ́wọ́ fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ bá mi bi àwọn tó ṣe é. Ṣé kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àbí kí n ní kí wọ́n dúró? Ohun tí ẹ bá sọ ni màá ṣe." Èmi sì dá a lóhùn pé Ọlọ́run yóò bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó rò pé mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Bọ̀dá Simeon, bí wọ́n bá ka èyí dé etí yín ní Jàpárà, ẹ fi ọkàn yín balẹ̀. Kì í ṣe inú ọkàn yín ni ẹ ti sọ ọ́. Ẹnu yín ni ẹ fi sọ ọ́, mo sì gbọ́.